Ọbẹ̀ Ni Kí Ẹ Tò, Gàrí Ti Wà Nílé: Oúnjẹ Alẹ́ Fún Ilé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Ẹ bi ìyá ọlọ́mọ kan ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́ òní, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ ẹ̀bà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Gàrí wa kò lẹ́gbẹ́: ó kúnná, ó kan, omi rẹ̀ ti jò dáadáa kí wọ́n tó yan án. Àmọ́ gàrí ò ní í sá lọ. Inú ike ló wà láti ọjọ́ Ajé títí di Àìkú. Ohun tí a máa ń wá tì ní agogo méje alẹ́, tí ọmọ ti ń sunkún, ni ohun tí a ó fi jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti ṣètò oúnjẹ alẹ́ ọ̀sẹ̀, ọbẹ̀ ni kí ẹ tò. Òkèlè á bá a níbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú 100 gíráàmù gàrí, èròjà amúaradàgbà tó wà níbẹ̀ kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 1 sí 2 lọ. Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò bíi gíráàmù 13 lójúmọ́. Ti ọmọ ọdún 4 sí 8 tó 19. Ẹyin adìẹ kan ní bíi 6. Ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù ní ju 20 lọ. Ikùn ọmọ sì kéré: bí ẹ̀bà bá ti gba ibẹ̀ tán, ibo ni ẹja fẹ́ wọ̀?

Abọ́ ọmọ

Ẹ wo ọmọ ọdún méjì nídìí abọ́ rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó jẹ ẹ̀bà tán kó tó fọwọ́ kan ẹja. Ó mú òkèlè kan, ó mú ìkejì, ó fi ìkẹta ṣeré. Nígbà tó máa fi di ìkẹrin, orí ti ń mì, oorun ti dé. Wọ́n gbé e lọ sórí ẹní. Ẹja ṣì wà létí abọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un jẹ. Ọmọ yìí yó, ṣùgbọ́n ẹ̀bà nìkan ló jẹ sùn.

Ẹ yọ eegun ẹja yẹn, ẹ fi ọwọ́ rún un sínú ọbẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, kí òkèlè àkọ́kọ́ ti gbé e. Ẹ bu ọbẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi ata tó pọ̀ sí i. Ti pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè, ẹ gbàgbé ẹ̀. Lójú tèmi, ẹyin ló wọ́n nígbà náà tí àwọn àgbà fi wá ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba ọmọ.

Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ máa fún un ní oúnjẹ rírọ̀, kí ọmú ṣì máa bá a lọ títí tó fi pé ọdún méjì.

Ọjà àti ìdáná

Bẹ́ẹ bá lọ sí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Sábó ní Ṣágámù, ẹja gbígbẹ, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ẹyin ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Wọn kò béèrè iná mànàmáná. Ẹja tútù láti Ẹ̀pẹ́ dùn, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ẹ bá rà á ni kí ẹ sè é. Ẹ̀fọ́ náà, ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sínú àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́yìnkùlé.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má fi kán-ún sí i, ìgbẹ̀yìn ni kó wọ ìkòkò. Ẹ má sun epo pupa títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí. Inú àwọ̀ pupa yẹn ni ohun tí ara ń sọ di fítámìn A wà.

Ẹ̀wà ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ rẹ ẹ́ sómi láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, gáàsì tí yóò jẹ á dín kù. Ẹ bó ọsàn fún àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọsàn ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀wà gbà. Ẹ má fi tíì tì í. Tíì kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wọlé dáadáa.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ràn jù fún ọjọ́ Ọjọ́rú. Ewùrà a máa yún ni lọ́wọ́, ẹ fi epo pa ọwọ́ kí ẹ tó rin ín. Kí omi ata, epo, irú àti ẹja gbígbẹ ti hó dáadáa kí ẹ tó máa bu ewùrà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé e, ẹ má rò ó fún bí ìṣẹ́jú 10, kí kókó rẹ̀ lè dì. Kókó yẹn ni ìkọ́kọrẹ́. Èyí tó bá dán bí ògì, oúnjẹ mìíràn ni. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́ ṣọkọ sí i, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé fún ìyá ọkọ yín. Ìbẹ́pẹ ni èmi máa ń gbé tẹ̀lé e.

Ọjọ́bọ̀, ilá àti ẹja. Ẹtì, ìrẹsì àti ẹyin, tàbí ohun tó kù.

Bí agara bá dá yín tó jẹ́ gàrí mímu ló kàn, kò burú, bí ẹja díndín tàbí àkàrà bá wà níbẹ̀. Ẹ̀pà odidi ni kí ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ó lè há a lọ́fun. Ẹ gún un.

Fún àgbẹ̀: láti ọdún 2011 ni ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tó ní èròjà fítámìn A, ti wà fún gbígbìn ní Nàìjíríà. Gàrí rẹ̀ máa ń dà bí èyí tí wọ́n fi epo sí, ojú Ìjẹ̀bú tó mọ gàrí funfun lè kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ gbin ebè díẹ̀ fún ilé ná, kí ẹ gbé ti ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ láìgbé e sínú fìríìjì. Bí kò bá sí iná, ẹ dín èyí tí ẹ ń sè kù. Kí ẹ tó sì bù ú fún ọmọ lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa dé ìsàlẹ̀ ìkòkò.