Ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ tú u? Bí mo ṣe jí alùpùpù Moto Guzzi 850 T3 dìde nílé

Télọ̀ ni mí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wù tí ẹlòmíì rán wá pé kí n tún un ṣe, n kì í sáré mú abẹ́rẹ́. Màá kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta kí n wo ọwọ́ ẹni tó rán an. Òwú á sọ fún mi bóyá ó ń kánjú, bóyá ó gé aṣọ jù tó wá wá nǹkan fi bò ó. Ohun kan náà ni mo ṣe sí alùpùpù Moto Guzzi tí mo rà, èyí tó ti dúró sójú kan fún ọdún mọ́kànlá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àìsàn tí àwọn èèyàn ń dì ru alùpùpù Ítálì, ọwọ́ àwọn tó ti tú u ṣáájú ló kó o ràn án. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tún irú rẹ̀ ṣe nílé, ẹ má fi títú bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó.

Mandello del Lario, létí adágún Como ní Ítálì, ni ilé iṣẹ́ Guzzi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1921. 850 T3 tèmi yìí, 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 844 cc, sílíńdà méjèèjì yọrí síta lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó na apá méjèèjì. Kò ní ṣéènì lẹ́yìn; ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yípo, ló ń yí táyà. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí nílé, mi ò tíì rí alùpùpù tó láàánú tó o. Èèyàn lè jókòó sórí àpótí kékeré, kó máa tún fáàfù ṣe láìgbé tánkì kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan sípánà. Mo fi fóònù ya gbogbo rẹ̀: ibi tí wáyà gbà kọjá, ibi tí róbà epo wọlé sí, ibi tí kílíìpù kọ̀ọ̀kan dojú kọ. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fàlà sára aṣọ, mo fi sàmì sí ibi tó bá rú mi lójú. Ike tí mo máa ń kó bọ́tìnnì sí ni mo sọ di ilé bóòtù, ike kan fún ibì kan, mo sì kọ orúkọ ibẹ̀ sára ìdérí.

Ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi. Orí bóòtù mẹ́rin ti họ nítorí sípánà tí kò bá wọn mu. Gọ́ọ̀mù pupa ṣàn jáde yí etí ọ́ìlì páànù ká. Ẹ ṣọ́ra fún gọ́ọ̀mù yìí gan-an: bó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níta, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pọ̀ nínú, èyí tó wà nínú sì lè já kó lọ dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Lábẹ́ ìjókòó, wáyà mẹ́ta tí àwọ̀ wọn ò jọra ni ẹnì kan lọ́ pọ̀, tó fi téèpù wé, bí ìgbà téèyàn fi aṣọ di egbò tí kò fọ̀.

Kí ẹ tó ronú àtigbé e dìde, ẹ wo inú sílíńdà. Àwọn T3 ìgbà yẹn, króómù ni wọ́n fi bo inú rẹ̀. Bó bá pẹ́, pàápàá bí alùpùpù bá ti dúró nínú ọ̀rinrin, króómù yìí lè máa bó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Èyí tó bó á bọ́ sínú ọ́ìlì, á sì máa họ àwọn bẹ́ríǹ bíi yanrìn. Ẹ tú tọ́pù sílíńdà, ẹ tan iná sí inú rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo etí òkè àti etí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ṣí, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì yẹn. Sílíńdà tí wọ́n fi Nikasil, ìbòrí líle tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì ṣe, bo inú rẹ̀, pẹ̀lú písítìnì tó bá a wá, ni kí ẹ fi rọ́pò. Tèmi ti di Nikasil kí n tó rà á. Ẹni tó họ orí bóòtù yẹn náà ṣe ohun rere kan láyé.

Bí sílíńdà bá dára, ẹ jí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ìdúró àárín, ẹ fi í sí gíà karùn-ún, kí ẹ sì fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú. Bó bá lọ́ra, ẹ fún un láàyè. Bó bá kọ̀, ẹ má fi tipátipá yí i. Ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ lọ sùn.

Ọ́ìlì ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé ìkẹta. Ẹ́ńjìnnì gba lítà 3, gíàbọ́ọ̀sì gba 0.75, ibi tí ṣáàfù ti pàdé táyà lẹ́yìn gba 0.25. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù kí ẹ rọ tuntun. Fìlítà ọ́ìlì T3 wà nínú ọ́ìlì páànù fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tú páànù kí ẹ tó rí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan kì í fi í pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi dúdú bí èédú. Ẹ dè é dáadáa pẹ̀lú ọwọ́, torí bó bá tú níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí ọ́ìlì ò fi ní dé ibi tó yẹ. Àwọn mìíràn máa ń fi kílíìpù róbà ńlá dì í lára kó má baà lè yí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo fi sí páànù, láìsí gọ́ọ̀mù rárá.

Epo tó ti pẹ́ nínú tánkì máa ń di nǹkan bí oje igi. Mo tú tánkì kúrò, mo da ohun tó kù nínú rẹ̀ nù, mo rọ fínígà sí i fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìpẹtà. Lẹ́yìn náà mo fi omi báákìnì sódà ṣan án, mo gbẹ ẹ́ kíákíá, torí irin tó mọ́ tónítóní kì í pẹ́ dógùn-ún padà. Kabúrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ Dellorto VHB 30 méjì. Ẹ tú ọ̀kan tán, kí ẹ tò ó padà, kí ẹ tó tú èkejì, kí èkejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe yín. Fìlítà kékeré kan wà ní ẹnu ibi tí epo gbà wọ inú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fò ó. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì pẹ̀lú. Tèmi ò dọ́gba. Ọwọ́ àtẹ̀yìnwá yẹn ló tún ṣe é.

Fáàfù wá ni ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Púlọ́ọ̀gì ti jáde, ó wà ní gíà karùn-ún. Róbà kékeré kan wà lápá ọ̀tún, ní ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíàbọ́ọ̀sì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tan iná sí ihò náà. Bí ẹ bá ń yí táyà ẹ̀yìn, ẹ ó rí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára fíláíwíìlì, irin róbótó ńlá tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, bó ṣe ń kọjá: S fún òsì, D fún ọ̀tún, torí èdè Ítálì ni. Bí S bá dúró sí àárín, písítìnì òsì ti dé òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń débẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó yípo, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì wúlò fún wa. Ẹ fi ìka yín mi rọ́kà méjèèjì, ìyẹn apá irin kékeré tó ń tẹ fáàfù. Bí méjèèjì bá ń mì díẹ̀, ẹ ti débẹ̀. Bí ọ̀kan bá le gbagidi, ẹ yí i títí S yóò fi tún padà wá.

Ìwọ̀n tó yẹ ni 0.22 mílímítà, fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń lé èéfín jáde bákan náà. Ẹ mú fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, kí ẹ fi sáàárín rọ́kà àti fáàfù. Ẹ fi sípánà 11 tú nọ́ọ̀tì, kí ẹ yí sukúrù tó wà láàárín rẹ̀. Géèjì gbọ́dọ̀ máa fà díẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́, bí aṣọ ṣe máa ń fà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ nígbà tí wọ́n ti gbé e sílẹ̀ lé e ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ di sukúrù mú kó má yí, ẹ dè nọ́ọ̀tì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Dídè yẹn máa ń yí i padà. Mo wọn ti òsì nígbà mẹ́rin kó tó dúró síbi tí mo fẹ́. Ṣe ti ọ̀tún bákan náà nígbà tí D bá dé.

Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tanná lásìkò, jẹ́ méjì, ọ̀kan fún sílíńdà kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín 0.37 sí 0.43 mílímítà, kí púlọ́ọ̀gì ní 0.6.

Iná nìkan ló fẹ́ ba ọkàn mi jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì ò gba iná. Álítánétọ̀ Bosch wà níwájú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ìdérí. Mo tú u lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo nu ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ń fara kàn. Kò sí àyípadà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé gílóòbù kékeré tó yẹ kó tàn nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ kò tàn rárá. Ó ti jó. Ara gílóòbù yẹn ni iná àkọ́kọ́ tó ń jí álítánétọ̀ máa ń gbà kọjá, bó bá kú, álítánétọ̀ lè má jí. Gílóòbù bí eyín ọmọdé! Nítorí náà, ẹ máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ní ti wáyà mẹ́ta abẹ́ ìjókòó, mo gé wọn kúrò, mo fi tuntun rọ́pò, mo sì fá ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi gbogbo tí wáyà ti di ara férémù mú.

Bíréèkì T3 yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ alùpùpù mìíràn. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn àti ọ̀kan nínú méjì iwájú ló ń di mú pọ̀. Ọwọ́ ń di èkejì iwájú nìkan. Róbà bíréèkì tó ti pẹ́ lè wú láti inú kó dí, bó tilẹ̀ dára lójú, nítorí náà gbogbo wọn ni mo pààrọ̀. Lílé afẹ́fẹ́ jáde gba sùúrù nítorí ọ̀nà rẹ̀ gùn. Nígbà tí ó kọ̀ tí ẹsẹ̀ ṣì ń rì, mo fi okùn fa pẹ́dáàlì mọ́lẹ̀, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lówùúrọ̀ afẹ́fẹ́ tó kù ti gòkè lọ síbi tó yẹ, ẹsẹ̀ sì le. Ẹ má fi bíréèkì dánra wò lójú ọ̀nà o. Ẹ tì í síwájú sẹ́yìn nílẹ̀ ilé ná, kí ẹ mọ̀ pé ó ń dúró.

Kí ẹ tó tan án, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ síta. Èéfín tí imú kì í gbóòórùn rẹ̀ ló ń pani. Ẹ jẹ́ kí sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìsí púlọ́ọ̀gì títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí ẹ tó fi púlọ́ọ̀gì síbẹ̀. Tèmi jí ní ìgbà kẹta, ó mì jìgìjìgì sọ́tùn-ún bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀.

Lẹ́yìn náà kò gba wàhálà púpọ̀. Mo máa ń fi gíríìsì sí eyín tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ ṣáàfù nígbàkígbà tí mo bá yọ táyà, mo máa ń mi kúrọ́ọ̀sì ṣáàfù, ìyẹn oríkèé rẹ̀, wò bóyá ó ti ń gbó, mo sì máa ń pààrọ̀ omi bíréèkì lọ́dún méjì-méjì torí ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Èmi náà ṣe tèmi. Ọjọ́ tí mo ń dè ìdérí fáàfù padà, mo fi agbára tí mo fi ń fa òwú nípọn fa sípánà. Àlùmíníọ̀mù rọ̀, mo gbọ́ ọ bó ṣe ya, tíréèdì bá bóòtù jáde. Helicoil ló gbà á là, ìyẹn òrùka irin tí wọ́n ń rọ́ sínú ihò tó ti bàjẹ́ láti fún un ní tíréèdì tuntun.

Gbogbo ohun tí mo ṣe ni mo kọ sínú ìwé kan, mo dì í sínú ọ̀rá, mo sì fi í sábẹ́ ìjókòó fún ẹni tó bá kàn láti tú u. Fáàfù, ọjọ́ ọ́ìlì, nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ wáyà. Ìlà tó kẹ́yìn ni: «Ìdérí fáàfù òsì, bóòtù òkè lápá iwájú: èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má dè é jù.»