Bí mo ṣe wádìí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná àti ojú tí wọ́n fi ń wo ọlọ́pàá ní Yábàá àti Àkọ́kà

Ìbéèrè tó fún mi ní wàhálà jù nínú iṣẹ́ yìí kúrú: "Ṣé ẹ fọkàn tán ọlọ́pàá?" Àwọn tó ti ń ṣe irú ìwádìí yìí tipẹ́, bíi Afrobarometer, máa ń fún ènìyàn ní ìdáhùn mẹ́rin: rárá, díẹ̀, dé àyè kan, gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, ọkàn tó bá ti tán sára ènìyàn ti tán náà ni. Ta ló ń fọkàn tán ènìyàn díẹ̀? Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ 20 ní Ìwáyà, "rárá" ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú kí n tó ka ìdáhùn tó kù tán.

Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn rọ́pò rẹ̀. "Tí wọ́n bá já fóònù yín gbà ní Òyìngbò lálẹ́ òní, ṣé ẹ máa lọ fẹjọ́ sùn ní téṣàn?" "Tí ẹ bá débẹ̀, ṣé wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀?" "Tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ yín dúró, ṣé wọ́n á bèèrè owó?" Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin: ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ bẹ́ẹ̀, kò jọ bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ìbéèrè yín, ẹ tún sọ irú ọlọ́pàá tí ẹ ní lọ́kàn. Ọlọ́pàá téṣàn yàtọ̀ sí àwọn tó ń dúró lójú títì, SARS tí wọ́n tú ká ní 11 oṣù kẹwàá 2020 ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ẹlòmíì sì ń ka LASTMA pàápàá mọ́ ọlọ́pàá.

Ní ti iye ènìyàn, ìlànà Yamane, tí wọ́n fi ń ṣírò iye ènìyàn tó yẹ kí a bi, ni mo lò. Tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 40,000, tí ẹ sì gba àṣìṣe 5 nínú 100 láyè, ìṣirò rẹ̀ ni 40,000 ÷ (1 + 40,000 × 0.0025), ó di 396. Tí wọ́n bá jẹ́ 80,000, 398 ni. Ẹ má pàdánù oorun lórí iye gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Mo gbé e sí 400, mo fi 40 lé e nítorí àwọn tó máa kúrò láìparí. Ṣùgbọ́n ìlànà náà gbà pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí wa lọ́wọ́, ẹnu géètì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní géètì Unilag àti ti Yabatech, àwọn mẹ́fà tó bá mi ṣiṣẹ́ ń mú ẹni karùn-ún tó bá jáde, ì báà rẹ́rìn-ín sí wọn, ì báà má rẹ́rìn-ín: aago 8 sí 10 àárọ̀, 12 sí 2 ọ̀sán, 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í sábà jáde, torí náà mo ya 160 sọ́tọ̀ fún wọn nínú ọgbà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ń bi bíi ènìyàn 15 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún la fi parí. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ tán ní ìṣẹ́jú 12. Tó bá ti kọjá 15, ìdáhùn kan náà ni wọ́n á máa mú títí dé ìsàlẹ̀.

Owó ló ṣáájú, ọlọ́pàá ló kẹ́yìn. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ti ru kò ní rántí iye tó fi ra gàrí. Ẹ má sì bi wọ́n pé "Èló lẹ ń ná lóṣù?", nítorí iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilé ni wọ́n máa sọ. Mo bèèrè ọjọ́ 7 tó kọjá fún oúnjẹ, dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, dátà àti káàdì. Mo bèèrè sáà ẹ̀kọ́ yìí fún owó ilé, owó ilé-ìwé àti handout. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni owó tí POS ń yọ, ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sàráà, fọ́tókọ́pì, èsúsú àti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò kọ ọ̀kadà síbẹ̀. Ìjọba ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland láti 1 oṣù kẹfà 2022, ẹni tí ẹ bá bi á rò pé ẹ fẹ́ mú òun. "Ọkọ̀ mìíràn" ni mo kọ.

Kí olùdáhùn ṣí àkọsílẹ̀ báńkì lórí fóònù rẹ̀, kó sì ka iye rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù náà. Ẹni tó bá ní "mú fóònù ẹ wá" lójú títì Èkó ti jọ ọlọ́pàá nìyẹn, ìwádìí ti bàjẹ́. Nítorí kan náà, a kò wọ aṣọ dúdú, a kò dúró nítòsí ọkọ̀ ọlọ́pàá, a kò sì bi ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kò gba orúkọ tàbí nọ́ńbà. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n ti fún ọlọ́pàá, oṣù 12 ni mo fi bèèrè rẹ̀, ó sì jẹ́ ìbéèrè ìkẹyìn. Ẹ ya "mi ò fẹ́ sọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "mi ò mọ̀". Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́pàá ti sọ nǹkan pàtàkì.

KoboCollect, áàpù orí fóònù, la fi gba ìdáhùn, torí ó ń tọ́jú ìdáhùn sórí fóònù títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Mo ní kó kọ ìkìlọ̀ sójú fóònù tí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá 50,000 náírà, nítorí òdo kan tó lé ń sọ 6,000 di 60,000.

Níbi ìṣirò, ẹ to owó láti kékeré dé ńlá kí ẹ mú ti àárín. Tí ẹni márùn-ún bá ná 3,000, 4,000, 5,000, 6,000 àti 82,000, tí ẹ bá pín in dọ́gba ó máa di 20,000, kò sì sí ẹni tó ná bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ti àárín jẹ́ 5,000. Ní ti ọlọ́pàá, ẹ yí máàkì ìbéèrè "ṣé wọ́n á bèèrè owó?" padà kí ẹ tó ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, torí "bẹ́ẹ̀ ni" níbẹ̀ kì í ṣe ìyìn. Tí Cronbach alpha, òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bóyá ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu, bá wà lábẹ́ 0.7, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn 160 ti họ́sítẹ́ẹ̀lì nìkan, àṣìṣe wọn ti tó 8 nínú 100. Tí a bá fi wọ́n wé 240 tó ń gbé níta, ìyàtọ̀ tí kò bá tó 10 nínú 100 kò wọ inú ìròyìn mi gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀.