Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa wákàtí tí bàálù máa lò láti Àbújá

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù l'Àbújá sábà máa ń bi Google léèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà tó. Google á ní nǹkan bíi 4,775 kìlómítà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà tààrà láti pápákọ̀ dé pápákọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Bàálù tó bá lọ tààrà máa ń lo bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Tí ẹ bá gba Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, torí pé owó rẹ̀ dínkù, ìlà-oòrùn lẹ máa kọ́kọ́ kọjú sí fún bíi 3,460 kìlómítà, kí ẹ tó tún fò bíi 5,900 lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, a ò sì tíì ka wákàtí tí ẹ máa fi jókòó dúró. Tó bá jẹ́ màmá tí orúnkún ń dùn lẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo owó nìkan.

Ẹ má kàn yọ aago kan kúrò nínú èkejì lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó gbéra l'Àbújá ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó balẹ̀ sí Jeddah ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí márùn-ún ló lò, kì í ṣe méje, torí Saudi fi wákàtí méjì ṣíwájú wa. Ti Lọ́ńdọ̀nù tún máa ń yí: láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago wọn bá tiwa dọ́gba, lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti òru. Tíkẹ́ẹ̀tì kọ Sátidé, 00:30. Ẹbí á palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n á kúrò ní Kubwa lálẹ́ Sátidé tayọ̀tayọ̀, ẹni tó wà ní káńtà á wá sọ fún wọn pé bàálù ti gbéra láti òru mọ́jú. Alẹ́ Fúráìdè ló yẹ kí wọ́n ti wà níbẹ̀!

Ẹ má gbára lé wákàtí tí ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá sọ fún yín. Lọ́dún 2023, ogun Sudan mú kí bàálù Hájì láti Nàìjíríà máa yípo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, orílẹ̀-èdè Niger ti ojú ọ̀run tiwọn lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ọ̀nà Yúróòpù náà sì gùn sí i.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti fẹ́ fò lọ sókè òkun, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá sí Èkó lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi wákàtí mẹ́ta péré sáàárín òun àti èkejì. Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo Kano àti Àbújá débi pé bàálù ò ní lè gbéra rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni, iléeṣẹ́ kejì ò ní dúró dè yín. Bí ẹ bá tiẹ̀ balẹ̀, ẹ ṣì máa wọkọ̀ láti ibi bàálù abẹ́lé lọ sí ti òkè òkun. Ẹ jẹ́ kó ku ọjọ́ kan kí ẹ ti wọ Èkó, kí ẹ sùn sọ́dọ̀ ẹbí.