Bí Ṣọ́jà Tó Ń Fẹ̀yìn Tì Ṣe Lè Fi Fọ́tò Yíyà Ṣiṣẹ́ Jẹ ní Àbújá

Kí ẹ tó gba ìwé ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. NAFRC, ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ológun tó ń fẹ̀yìn tì ní Òṣòdì, l'Ékòó, máa ń kọ́ àwọn ológun tó ń palẹ̀ mọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ fún oṣù mẹ́fà. Bí fọ́tò yíyà bá wà níbẹ̀, ẹ mú un.

Ẹ má jẹ́ kí ohun èlò gbé owó ìfẹ̀yìntì yín mì. Kámẹ́rà tòkúnbọ̀ kan, lẹ́ńsì 50mm f/1.8 (f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà bá kéré, ihò á tóbi), bátìrì méjì, káàdì ìtọ́jú àwòrán méjì àti páálí funfun fífẹ̀ kan ti tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi f/16 ya ògiri funfun. Bí àmì dúdú bá hàn lára àwòrán náà, eruku ti wọ inú kámẹ́rà. Ẹ má fi lẹ́ńsì 18mm, tó ń ya ibi fífẹ̀, sún mọ́ ojú èèyàn o: imú á wú, etí á sá sẹ́yìn.

Ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Òkè tààrà ni oòrùn ọ̀sán Àbújá ti ń bọ̀, ó sì máa ń fi òjìji bo ẹyinjú. Ẹ mú oníbàárà jókòó sínú ilé, kó fi bíi mítà kan jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kó yíjú díẹ̀ síta. Páálí funfun á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sójú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/2.8, 1/200 ìṣẹ́jú àáyá, ISO 400 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí tó). Ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù ni kí kámẹ́rà mú kó hàn kedere. Bí ògiri ẹ̀yìn bá funfun, kámẹ́rà á mú kí ojú dúdú jù, ẹ fi +1 kún ìmọ́lẹ̀ níbi àmì +/- lára kámẹ́rà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Róbà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fẹ́ eruku, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́.

Ohùn àṣẹ ló sábà ń ba iṣẹ́ ṣọ́jà jẹ́. “Gbórí sókè! Má mira!” Ejìká á le, àwòrán á jọ ti káàdì ìdánimọ̀. Ẹ bi oníbàárà léèrè nípa àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì bó ṣe ń dáhùn. Bó bá jẹ́ obìnrin tó lo híjáábù, ẹ má fọwọ́ kàn án; ẹ ní kó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Bárékè ni oníbàárà àkọ́kọ́ wà: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ga, ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ kọmándà, kí gétì tàbí ìbọn má sì hàn lẹ́yìn. Fún owó ojoojúmọ́, ẹ ya fọ́tò físà: ti Amẹ́ríkà jẹ́ mílímítà 51 sí 51, ẹ̀yìn funfun, láìsí awò ojú, ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù jẹ́ 35 sí 45. Ẹ gba ìlàjì owó ṣáájú, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ológun. “Ọ̀gá, ó di ìparí oṣù” ti ti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ pa.