Ẹ má torí rédíò gé ọkọ̀: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí rédíò tuntun nínú ọkọ̀ àtijọ́

Ẹni tó bá ní ìjàpá Volkswagen, Morris Minor tàbí Mẹ̀sí àtijọ́ nílé, tó tún un ṣe títí ó fi ń dán, kì í pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fi máa ń lọ sórí rédíò. Mo mọ ìdí rẹ̀. Rédíò tó bá ọkọ̀ náà wá, bó bá tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò já gaara mọ́, òmíràn kò sì ní FM rárá. Ni wọ́n bá ní kí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun fi ọ̀kan ránṣẹ́ nínú àwọn rédíò tuntun tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́: kókó méjì tí a ń yí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ojú kékeré tó ń tànná láàárín, tí Bluetooth àti USB sì wà nínú rẹ̀. RetroSound àti Custom Autosound ń tà á ní Amẹ́ríkà. Blaupunkt gbé Bremen SQR 46 DAB jáde, Continental náà ní tirẹ̀. Owó gidi ni wọ́n ń ná sí i. Bó bá wá dé tán, ẹni tó mú ẹ̀rọ agé-irin lọ́wọ́ ni wọ́n á gbé ọkọ̀ náà fún.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mo ń ṣe, ọkọ̀ àtijọ́ ló sì ń wá sọ́dọ̀ mi jù. Ohun tí mo ń rí ń bí mi nínú. Mo fẹ́ to àwọn àṣìṣe náà síbí kí ẹni tí kò tíì náwó lè mọ ohun tí yóò yẹra fún. Mo gbà pé ẹ ti mọ̀ pé orí bátìrì ni a ń kọ́kọ́ yọ kí a tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó jọ̀ọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

1. Ríra rédíò láì tíì wọn ihò

Ihò rédíò láyé ijọ́un kò rí bákan náà. Èyí tí à ń pè ní DIN, tó ń gba rédíò tó fẹ̀ tó mílímítà 180 tó sì ga tó 50, ó pẹ́ kí ó tó di ohun tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò. Nínú ìjàpá àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ihò róbótó méjì ló wà, pẹ̀lú ojú onígun mẹ́rin láàárín wọn. Mẹ̀sí W123, tí wọ́n ṣe láti ìparí 1975 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1986, ihò DIN ni tirẹ̀, nítorí náà Bremen yóò wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀n: láti àárín ihò róbótó kan dé àárín ìkejì, gíga àti ìbú ojú tó wà láàárín, àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe jìn tó kó tó kan nǹkan. Ìwọ̀n kẹta yìí ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé.

2. Gígé dáṣíbọ́ọ̀dù

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀.

Dáṣíbọ́ọ̀dù ìjàpá, yàtọ̀ sí irú ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1303, tí tirẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó yọ síta, irin ni. Ara bọ́dì ọkọ̀ náà ni, ilé iṣẹ́ ló ti jó o mọ́ ọn. Kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹ máa tú tí ẹ fi máa gbé e kúrò, kí ẹ wá lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Ohun tí ẹ bá gé kúrò lára rẹ̀, ara ọkọ̀ náà lẹ ti gé e kúrò.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ péré la máa há kúrò." Mi ò tíì rí ẹni tó há díẹ̀ rí. Wọ́n á há díẹ̀, rédíò ò ní wọlé. Wọ́n á tún há a, igun kan á ti ṣí jù. Wọ́n á há igun kejì kó lè bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Kílẹ̀ tó ṣú, ihò ti ju rédíò lọ, wọ́n á wá máa wá rọ́bà tí wọ́n máa fi bo etí rẹ̀. Rọ́bà yẹn kì í bá ọkọ̀ náà mu láéláé.

Ọkùnrin kan gbé ìjàpá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá sọ́dọ̀ mi. Ibi tó kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ti gé àárín dáṣíbọ́ọ̀dù náà lódindi nítorí rédíò oní-sìkíríìnì ńlá. Wọ́n gé ojú rédíò, wọ́n sì gé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn sípíkà ń gbà jáde mọ́ ọn. Nígbà tó yá ó rí rédíò oníkókó méjì nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ra irú rẹ̀. Ó fi rédíò náà sójú ihò, rédíò gba inú ihò kọjá, ó bọ́ sínú búùtù iwájú. Ó wò mí, mo wò ó.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbà kí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn tó padà sípò. A wá òkú ìjàpá kan tí ojú tirẹ̀ ṣì pé. A gé èyí tí a nílò lára rẹ̀. A yọ gíláàsì iwájú ọkọ̀ bàbá náà. A gbé táǹkì epo kúrò pátápátá, torí pé iwájú ni táǹkì ìjàpá wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jó irin nítòsí rẹ̀. A tú gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Wẹ́dà jó o, pánẹ́ẹ̀bítà fi fáìlì rẹ́ ẹ, ọlọ́dà kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ ò sì bá ti ẹnu ilẹ̀kùn mu, ó di dandan kí a kun inú ọkọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Owó tó bá a lọ ju owó rédíò lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹni tó bá mojú irin yóò rí ibi tí a ti so ó.

Kí ló dé tí a ó fi gé ẹsẹ̀ torí bàtà? Ọ̀pọ̀ ìjàpá tó wà lójú títì wa, wọ́n ti lé ní ogójì ọdún. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní ọ̀nà Badagry, níbi tí wọ́n ti ń to ìjàpá láti 1975, kò to ìjàpá mọ́. Jámánì kò ṣe é mọ́, ní Mẹ́síkò ni èyí tó kẹ́yìn ti jáde lọ́dún 2003. Etí irin tí ẹ gé tí ẹ ò sì kùn ni ìpẹtà máa ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń gbé nítòsí òkun.

Kò sì sí ìdí fún un. RetroSound ṣe àwọn kan tí ọ̀pá kókó wọn ṣeé sún sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn, títí yóò fi bá ihò tó ti wà níbẹ̀ mu. Bí kò bá sì bá a mu rárá, ẹ gbé rédíò sínú píjìnhóòlù. Tàbí kí ẹ fi àpótí kékeré kan rọ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì tó ti wà níbẹ̀ mú un. Tàbí kí ẹ fi rédíò àtijọ́ sílẹ̀ síbi tó wà, kí ẹ fi ámúpílífáyà (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) kékeré oní-Bluetooth pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Èyí tó bá wù yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣeé tú lọ́la láìsí àpá.

3. Gbígbàgbé fóòtì

Ìjàpá tó ti ṣáájú 1967, bátìrì 6 fóòtì ló wọ́pọ̀ nínú wọn. Rédíò tuntun, 12 ló ń jẹ. Ẹ ka ara bátìrì kẹ́ ẹ tó náwó.

4. Ẹ́ẹ̀tì òdìkejì

Ẹ́ẹ̀tì ni orí bátìrì tí wọ́n so mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Òdìkejì rẹ̀ kan àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú Morris Minor. Títí di apá ìparí ọdún 1960 sí 1969, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n máa ń so mọ́ bọ́dì nínú ọ̀pọ̀ wọn. Páànù ìta rédíò tuntun, nẹ́gétíìfù ni. Ẹ gbé e kan dáṣíbọ́ọ̀dù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kíá ló ti tan iná. Ẹ ra rédíò tí wọ́n sọ pé ó gba pọ́sítíìfù lẹ́ẹ̀tì, tàbí kí rìwáyà tó mọṣẹ́ yí ọkọ̀ náà padà, kó sì ṣe dáínámò pẹ̀lú, torí pé orí bátìrì nìkan kọ́ ni yóò yí.

Wáyà yẹ́lò àti wáyà pupa ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a pàdé. Lára ọ̀pọ̀ rédíò, yẹ́lò ni iná tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí rédíò lè rántí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ fi sí i. Pupa ni iná tó ń wá bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Búlúù kì í gba iná wọlé, òun ló ń gbé iná lọ fún áńtẹ́nà tàbí ámúpílífáyà. Ẹ má so ó mọ́ bátìrì. Ẹni tó bá so yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ bátìrì, bátìrì rẹ̀ lè kú mọ́jú. Ẹni tó bá so méjèèjì mọ́ kọ́kọ́rọ́, rédíò rẹ̀ á máa gbàgbé gbogbo nǹkan bó bá ti pa ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ Jámánì, nọ́ńbà wà lára ibi tí wáyà ń wọ̀: 30 ni iná tààrà láti bátìrì, 15 ni ti kọ́kọ́rọ́, 31 ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kó dájú, torí pé ọkọ̀ tó ti tó ọjọ́ orí yìí, ọwọ́ oríṣiríṣi ti kàn án. Ẹ má ṣe yọ iná rédíò lára wáyà kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná.

Fíúsì ọkọ̀ tí wọ́n fi bébà dídán inú páálí sìgá wé: ẹni tó bá ṣe ìyẹn nínú ìjàpá, tí táǹkì epo wà níwájú òun gan-an, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti tàwọn ọmọ rẹ̀ wewu. Nínú fíúsì ìjàpá, funfun jẹ́ 8 ámpíà, pupa jẹ́ 16. Ẹ fún rédíò ní fíúsì tirẹ̀, kó wà nítòsí ibi tí wáyà ti kúrò.

Àwọn tó ń pa rédíò tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí sípíkà ni wọ́n ti ń pa á. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, sípíkà kan ṣoṣo ló ní, wáyà kan ló ti ara rédíò lọ síbẹ̀, bọ́dì ọkọ̀ sì ni ìkejì. Rédíò tuntun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wáyà méjì-méjì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan, funfun, eérú, àwọ̀ ewé àti pọ́púù, èyí tó ní ìlà dúdú sì ni nẹ́gétíìfù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kan bọ́dì. Bó bá kàn án, inú rédíò á gbóná, ẹ ó gbóòórùn jíjó, ohùn á sì lọ. Wọ́n gbé irú rẹ̀ wá fún mi, ẹni tó so ó ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe rédíò. Mo tú sípíkà, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ bọ́dì hàn án. Bí ibi sípíkà kan ṣoṣo lọkọ̀ yín bá ní, sípíkà oní-kọ́ìlì méjì wà tó ń gba ọ̀tún àti òsì papọ̀. Ẹ má da wáyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì.

Ariwo náà wà, èyí tó ń dún wíííì tó sì ń ga bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan á tú rédíò, wọ́n á ra òmíràn, ariwo á sì tún wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí Bluetooth. Bí ariwo bá ṣì wà, ojú wáyà iná tàbí ẹ́ẹ̀tì ló gbà wọlé: ẹ há ọ̀dà kúrò níbi tí ẹ so ẹ́ẹ̀tì mọ́, kí ẹ wo kọndẹ́nsà, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń dí ariwo lọ́nà, tó wà lára dáínámò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń gbọ́ FM tàbí AM nìkan ló ń dún, ojú áńtẹ́nà ló gbà: ẹ há ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ kó lè kan irin, kí ẹ wo wáyà púlọ́ọ̀gì bóyá irú èyí tí kì í dí ariwo lọ́nà ni wọ́n fi síbẹ̀.

Ẹ má sanwó kún owó torí DAB, ìyẹn rédíò díjítà, bó bá jẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ máa wà. FM àti AM ni à ń gbọ́ níbí. Rédíò tó ti Japan wá kì í sábà kọjá 90 tàbí 95 lórí FM, Àmúlùdùn 99.1 á sì di ohun tí ẹ ò lè gbọ́. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń fo mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí AM, láti 750 sí 760, á sì fo Rédíò Ọ̀yọ́ tó wà lórí 756. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí agbègbè padà nínú rẹ̀ kó lè máa rìn ní mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án.

Wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ má gbà á gbọ́. Èyí tí wọ́n kọ 45 sí, bí ìlàjì rẹ̀ ni ẹ óò rí lò.

Dáínámò kì í fi bẹ́ẹ̀ fún bátìrì níná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá so ámúpílífáyà ńlá, tó sì ń gbọ́ orin nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ lálẹ́ pẹ̀lú iná iwájú, bátìrì ló ń jẹ.

Rédíò àtijọ́ tí ẹ yọ, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì fún ọmọ tó ń ra àlòkù irin. Blaupunkt tàbí Becker tó bá ọkọ̀ wá, kódà bó bá ti kú, àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn lè fi ọ̀nà Bluetooth sínú rẹ̀ láì yí ojú rẹ̀ padà. Ẹ bèèrè ìyẹn ná, kẹ́ ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni ra rédíò fún yín.