Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn yín láti orí Olúmọ

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ mọ Abẹ́òkúta, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wọ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ẹsẹ̀ Òkè Olúmọ ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ san owó ìwọlé, ẹ gòkè, kí ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, kí ẹ tó forí lé Aké. Àpáta ló ń darí ọ̀nà nílùú yìí. Ibi tí ẹ lè nawọ́ sí lè gba kí ẹ yí òkúta ńlá po kí ẹ tó débẹ̀, máàpù orí fóònù kì í sì í sọ pé ọ̀nà náà ga. Láti òkè, ẹ ó rí Odò Ògùn ní ìwọ̀ oòrùn. Ẹ fi ṣe àmì. Bí ẹ bá ṣìnà, orúkọ àdúgbò tàbí agboolé ni kí ẹ fi béèrè, ẹ fi orúkọ títì sílẹ̀. Ọ̀nà àbùjá sábà máa ń gba ojúde onílé kọjá: ẹ dúró, ẹ kí wọn, “ẹ kú ìjókòó o,” wọn á fọwọ́ júwe ibi tí ẹ máa gbà. (Ẹni tó bá kọjá láìkí èèyàn, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.) Àmọ́ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ fi gígun òkè sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn, àpáta tútù ń yọ̀, pàápàá fún ẹni tó wọ sílípáàsì.