Bí Mo Ṣe Dánra Wò Ṣáájú Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Mi

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo ní nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní Lọ́kọ́ja ránṣẹ́ pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pè ní IT (Industrial Training). Ìṣirò owó ni mò ń kọ́. Mo tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ní Kàbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè lálaalẹ́. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí mo bá ti kí wọn ní "Ọkún o" lẹ́nu ọ̀nà, tí mo sì wọlé, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa sọ.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n sọ nípa ara mi. Láti orí ìlú bàbá mi ní Ìjùmú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi ní Bùnú, n kò sì tíì dárúkọ iṣẹ́ kankan. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mò ń kọ́, ohun tí mo ti fi ṣe, àti ìdí tí mo fi fẹ́ iléeṣẹ́ náà. Mo ń fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀ títí ìdáhùn náà kò fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ le. Mo ní, "A tún ìwé àjọ ìyá mi ṣe." Wọ́n bi mí pé, "Ta ni 'a'?" Èmi nìkan ni mo jókòó ti ìwé àwọn obìnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ń dá àjọ náà fún òru méjì, tí mo kó o sínú Excel, tí mo sì rí i pé wọ́n ti kọ owó ẹnìkan sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tí orúkọ wọn jọra. A kọ́ wa nílé pé ọmọdé kì í yin ara rẹ̀ níwájú àgbà, ẹnu mi sì wúwo láti sọ pé "mo". Bí ojú mi ṣe ń wolẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú, nítorí ìwọ̀sí ni kí ọmọ máa wo àgbà lójú, wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ máa wo iwájú orí wọn. Èyí gba alẹ́ mẹ́rin.

Ní Lọ́kọ́ja, èèyàn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi. Nígbà tí mo sọ ti ìwé àjọ náà, obìnrin tó wà láàárín gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ ibi tí àṣìṣe náà wà.